Àwọn Tó Jókòó Nínú Bọ́ọ̀sì Nìkan Ni Mo Bi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, síbẹ̀ ojú ṣì ń tì mí.

Nígbà yẹn, akọ̀wé kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó bọ́ọ̀sì ńlá tuntun dé, tó ń ná Ìgbẹ̀ìn sí Láfẹ́nwá. Àga tìmùtìmù, fèrèsé gíláàsì! Àwa tá a ti ń jókòó lórí pákó bọ́lẹ̀kájà láti kékeré, ṣé inú wa ò ní dùn?

Ọ̀gá mi ní kí n lọ wádìí bóyá bọ́ọ̀sì náà ń ṣe ará ìlú láǹfààní. Tí ìròyìn mi bá dára, wọ́n máa lé bọ́lẹ̀kájà kúrò lójú ọ̀nà yẹn pátápátá. Mo mú bírò àti fọ́ọ̀mù, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sídìí fèrèsé, mo ń bi àwọn èrò léèrè. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé bíi tèmi, gbogbo wọn ló ní ó dára. Ta ló máa jókòó sórí tìmùtìmù táá ní kò dára?

Lọ́jọ́ kẹta, bọ́ọ̀sì dúró ní Ìgbẹ̀ìn. Mo wo ìta, mo rí Ìyá Adùkẹ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣe iṣẹ́ aró, pẹ̀lú ẹrù àdìrẹ lórí. Kọ̀ńdọ́ dá a padà. Ó ní aró tuntun á kun àga, àwọn kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn aláró mẹ́ta mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ǹjẹ́ mo sọ̀kalẹ̀? Rárá o! Mo dorí kodò, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé. Mi ò fẹ́ kí àwọn èrò mọ̀ pé èèyàn mi ni obìnrin tí aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú yẹn. Mo ní mo máa bi wọ́n lọ́la, mi ò sì padà lọ.

Mo kọ ọ́ pé gbogbo ará ìlú ló fara mọ́ bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá yìn mí gan-an. Kò pẹ́, wọ́n lé bọ́lẹ̀kájà, tó ń gbé ẹrù àwọn aláró tẹ́lẹ̀, kúrò lójú ọ̀nà.

Bí Ìyá Adùkẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Láfẹ́nwá nìyẹn, tòun ti ẹrù lórí. Kí ọdún tó yí po, orúnkún rẹ̀ wú, kò lè gun òkè mọ́. Ó da aró inú ìkòkò rẹ̀ nù. Iṣẹ́ tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ parí síbẹ̀.

Mo lọ kí i nílé. Mo ti múra pé mo máa jẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní:

"Rísì, ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé irú wa ń bẹ. Ọlọ́hun á gbé ọ ga, wàá bá wa sọ ọ́."

Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní àmín. Ó kú láìmọ̀ pé èmi ni ẹni tí kò sọ fún wọn.

Ẹ gbọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan tuntun dára, ẹ má bi àwọn tó ti ríbi jókòó nìkan. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ rí, tẹ́ ẹ ṣe bíi pé ẹ ò rí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi, kó má baà jẹ́ pé èmi nìkan ni.