Fíìmù Tí Ssendi Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìdí

Ọkọ mi, Ssendikadiwa, kò gbọ́ èdè Ṣáínà, kò gbọ́ ti Íńdíà, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì tó fi ra ìṣáná, síbẹ̀ odindi ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi túmọ̀ fíìmù fún gbogbo èbúté Bugombe.

Inú ilé páànù kan létí adágún Nnalubaale la ti ń ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n á wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìnkùlé, Ssendi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú makirofóònù tí mo fi gèlè mi àtijọ́ wé. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú fíìmù, òun ni yóò sọ ọ́ ní èdè wa. Bí òṣèré bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Ssendi á sọ ọgbọ̀n. Ẹni tó bá bú u láàárọ̀, orúkọ ẹni náà ni olè inú fíìmù á máa jẹ́ lọ́sàn-án. Àwọn apẹja á ti orí omi dé, òórùn ẹja á gba gbogbo ilé, wọ́n á máa jẹ ẹ̀gẹ́ díndín, wọ́n á sì máa dá a lóhùn bí ìgbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n wá lọ rí àwọn fíìmù yẹn ní Kampala pẹ̀lú ohùn àwọn tó ni ín gan-an, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọ́n ti ba fíìmù náà jẹ́. Títí di òní, wọ́n ṣì ń pè é lórí fóònù pé, "Bàbá Ssendi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ti ọkùnrin orí ẹṣin yẹn." Á sọ ọ́, á sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà tí kì í rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Èmi náà kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi bẹ̀rù rẹ̀.

Èmi ni mo kó o wá láti Kampala. Kásẹ́ẹ̀tì méjì ni, nítorí pé fíìmù náà gùn. Ohun tí wọ́n kọ sára wọn dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lójú mi. Mo ní kí n bi ẹni tó tà á fún mi léèrè èwo ló ṣáájú, ṣùgbọ́n takisí ti ń pariwo, mo bá sáré wọlé. Nígbà tí mo délé, èyí tó wà lókè ni mo gbé fún ọkọ mi. Àṣé apá kejì ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe é ni àwọn ọ̀rẹ́ Kato mú un wá. Kato àti Wasswa ni ìbejì kan tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja. Wasswa ló kọ́kọ́ jáde, òun sì ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, Kato tẹ̀lé e, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni wọ́n nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ìjì ti dojú ọkọ̀ kan dé, Wasswa sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó fò lọ ni. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Kato ń pariwo pé òun á bá a wọnú omi, àwọn àgbà bá tì í mọ́ yàrá nílé àǹtí wọn títí wọ́n fi bo ilẹ̀ tán. Èékánná rẹ̀ ya lára ilẹ̀kùn yẹn. Láti ọjọ́ náà kò jẹun mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Orí àpáta etí omi ló máa ń jókòó sí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa ń bá àwọn ọ̀daràn jà létí omi. Wọ́n yìnbọn fún un, ó ṣubú sínú omi, kásẹ́ẹ̀tì sì já níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ilé. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì tó kù bọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó kú yẹn náà ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Mo wo kásẹ́ẹ̀tì, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ssendi, ṣé òkú ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yìí?"

Níwájú ni Kato wà, ó doríkodò. Ssendi wò ó. Ó gbé makirofóònù sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará Bugombe, ẹ wò ó dáadáa. Wasswa ti fò lọ. Kato àbúrò rẹ̀ rèé. Ó gbọ́, ó sì dé."

Ariwo tó sọ, mo rò pé páànù á ṣí. Kato gbé orí sókè. Ó wo fíìmù náà dé òpin, níbi tí ọkùnrin yẹn ti jókòó ti oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, tí Ssendi sì ń sọ pé, "Kato ti délé, Kato ń jẹun." Lọ́jọ́ kejì, Kato lọ bá wọn ti ọkọ̀ sómi. Títí di òní, Ssendi ń sọ pé ojú ló pọ́n òun tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀, pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Irọ́ ló ń pa. Mo rí ibi tó ń wò kó tó sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, a ò jẹ́ fi apá kìíní ṣáájú. Àwọn ọmọdé ń fi Wasswa àti Kato ṣeré lórí iyanrìn. Kato alára di ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó fẹ́yàwó, ó bímọ mẹ́rin, kò sì sí àpèjọ tí kì í ti í sọ pé fíìmù Bàbá Ssendi ló gbé òun dìde. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń wá nǹkan ṣe lẹ́yìnkùlé. Tí a bá dé inú ilé, ọkọ mi á ní, "Nabbosa, ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi bó ṣe rí gan-an hàn án, a gbé." Nígbà tí fóònù dé tí ẹnikẹ́ni ò wá wo fíìmù lọ́dọ̀ wa mọ́, tí ọ̀rinrin sì jẹ àwọn kásẹ́ẹ̀tì wa, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní àsìkò òjò ọdún yìí, ọkọ̀ Kato dojú dé lórí omi, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì sì bá omi lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Nambozo ìyàwó rẹ̀ wá. Apá Mbale ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, tíṣà sì ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, ọkọ mi ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn."

"Ó ń jókòó sórí àpáta?" ni mo bi í.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Ìyá?" Ó gbé àwo fídíò kan jáde nínú báàgì rẹ̀. "Ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun fẹ́ wò. Wasswa àti Kato, bí ẹ ṣe ṣe é nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa wá a ní Kampala. Èmi náà máa bá a wò ó o, nítorí mi ò rí i rí."

Nígbà tó lọ tán, Ssendi kò lè gbé àwo náà nílẹ̀.

"Ẹyọ kan ni," ó ní. "Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bó ṣe yẹ kó wà."

"Bẹ̀rẹ̀ láti àárín," ni mo dá a lóhùn. "Tó bá ti ṣubú sómi, kí o padà síbẹ̀rẹ̀."

A gbé e sí i, a wò ó. Ìgbà náà la rí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ pátá ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Tíṣà mà ni obìnrin yẹn," ni Ssendi wí. "Nabbosa, jẹ́ kí n lọ kí àbúrò mi ní Masaka. Sọ fún wọn pé ara mi ò yá."

"Ara rẹ ò yá lóòótọ́, mo ń wò ọ́. Ìyẹn ò ní kí o má ṣe é. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá wọ omi lọ ńkọ́?"

Mo lọ mú ọ̀já gòmẹ́sì, aṣọ ńlá àwọn obìnrin wa tí mo fi ṣègbéyàwó, mo so ó yí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ká títí gbogbo lẹ́tà fi bò. A wo fíìmù náà dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ṣubú sómi, a sì pa á. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló parí sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé páànù wa kún ju bó ṣe ń kún láyé àtijọ́ lọ. Kato wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì ń fì lára rẹ̀. Ó jókòó síwájú, níbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí, Nambozo sì jókòó tì í. Ssendi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè, àwọn èèyàn sì ń bá a sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn bàbá bàbá tí irùngbọ̀n wọn ti funfun. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣubú, gbogbo ilé ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé ó ti fò lọ.

Ssendi na rímóòtù sí i. Rímóòtù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, bátìrì méjèèjì yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo rá wọlé tẹ̀lé wọn. Bí mo ṣe ń yọrí, orí mi gbá ọ̀já yẹn, ó sì já sílẹ̀. Èmi náà ni, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fíìmù kò dúró. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí, nítorí pé ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wa ti já, ló ń bọ̀. Wọ́n gbé pósí. Ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà sì wà lábẹ́ rẹ̀ kedere. Ssendi di makirofóònù mú, kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rí kí ẹnìkan la ẹnu nínú fíìmù kí òun dákẹ́.

Kato dìde. Orí àpáta yẹn nìkan ni mo ń rò.

"Ìsìnkú ni?" ó ní. "Ẹ má pa á. Wọn ò jẹ́ kí n rí i nígbà yẹn. Bàbá, kí ni màmá yẹn ń sọ?"

Ssendi ń wo makirofóònù ọwọ́ rẹ̀.

Kato yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Nambozo, ìwọ lo mọ̀wé. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo rí ètè Nambozo bó ṣe ń kà á. Ó wo ọkọ mi. Ó wo èmi tí mo wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú bátìrì lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ó ti yé e. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò ní irú rẹ̀ rí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Ó ní kí wọ́n lọ ṣílẹ̀kùn fún Kato," ó ní, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. "Ó ní títì tí wọ́n tì í mọ́lé ti tó."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi nínú makirofóònù, ó rọra ń sọ ọ́: "Wọ́n ti ń lọ ṣí i. Ẹ gbọ́ kọ́kọ́rọ́ o. Ó ti ń bọ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe ti bátìrì bọ rímóòtù. Mo tẹ̀ ẹ́, fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dúró, ọkùnrin yẹn sọ̀kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo Bugombe sì kígbe pé Kato dé. Kato jókòó, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ọjọ́ tó pẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí Ssendi sọ pé "Kato ń jẹun," ó na ọwọ́ sí ẹ̀gẹ́ díndín tó wà lẹ́sẹ̀ Nambozo, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn.

Nígbà tí èrò lọ tán, Nambozo bá mi ká ọ̀já gòmẹ́sì mi. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an.

"Ó ní, 'Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí láyé nìyí.'"

Ó ṣẹ́ ọ̀já náà sí mẹ́rin, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, tí ó bá tún ní kí ẹ ṣe é, ẹ so ó kó le."

Ọjọ́ ti pẹ́ tó jẹ́ pé àwa méjì la jọ ń bẹ̀rù fíìmù yìí. A ti di mẹ́ta báyìí.