Orí Ẹja Lórí Páànù

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń gbọn èékánná mi sí lékeléke tó bá ń kọjá lókè, kó lè fún mi ní funfun tiẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é ní kékeré. Kò tíì fún mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ wá di àìsàn sí mi lára. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láti inú yàrá mi lókè, ní Ìpọ̀nrí, fèrèsé mi sì kọjú sí igi àgbọn kan àti páànù ilé ìdáná.

Nígbà òjò, àwọn ẹ̀gà ló ni igi àgbọn náà. Akọ á hun ilé, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á tú u ká, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a ti wá ilé gbà rí l'Ékòó, a mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọ̀gá mi ń sọ lórí fóònù, n kò sì ráhùn. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ ń sún mọ́lé, lékeléke á dé, àwòdì náà á dé.

Àwòdì yìí ló kó bá mi. Òkè réré ló ń fò, fọ́tò rẹ̀ kò sì ju àmì dúdú kan lọ. Mo wá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù: mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju orí ẹja sórí páànù ilé ìdáná láràárọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi mọ àsìkò oúnjẹ rẹ̀ ju bí èmi ṣe mọ tèmi lọ. Inú mi dùn dẹ́yìn.

Màámi onílé wa, àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń sin adìyẹ nínú àgbàlá. Nígbà tí adìyẹ wọn pa ọmọ méje, Màámi fi aró pupa tí wọ́n fi ń pa ẹní láró kun gbogbo òròmọdìẹ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, kí ẹyẹ òkè má baà mọ̀ pé adìyẹ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ku mẹ́rin. Ó dá Màámi lójú pé kò sí ẹyẹ tó lè gbé adìyẹ aláró, nítorí náà ológbò ló kù. Ológbò kan ṣoṣo ló sì wà nílé wa, ti Àǹtí aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀.

Màámi ní kí Àǹtí mú ológbò náà kúrò kó tó di ọjọ́ Àìkú, tàbí kí Àǹtí fúnra wọn bá a lọ. Àǹtí ò jà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé àwọn ti ń wá yàrá mìíràn, nítorí láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, ológbò yẹn ló kù tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó láti wo àwọn fọ́tò ọ̀sẹ̀ náà. Mo kan fò dìde ni. Kámẹ́rà ti rí ohun tí ojú mi ò rí: àwòdì na ìyẹ́ gbalaja, òròmọdìẹ pupa kan sì wà ní èékánná rẹ̀. N kò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí páànù: orí ẹja mi, ó lanu sílẹ̀, ó ń wò mí.

Mo gé e kúrò. Lórí kọ̀ǹpútà, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Màámi; wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí. Aró àwọn ni, kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n pe Àǹtí, wọ́n gbé ẹyin mẹ́fà lé wọn lọ́wọ́, nítorí Màámi kì í fi ẹnu bẹ ẹni tó kéré sí wọn. Gbogbo ilé ń kí mi kú iṣẹ́, mo sì ń fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn.

Nírọ̀lẹ́, mo yà sọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n ń ránṣọ, ológbò sì ti sùn sórí aṣọ oníbàárà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún ojú mi. Wọn ò gbójú sókè nígbà tí wọ́n sọ èyí tó kù.

“Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Orí ẹja dà nínú fọ́tò yẹn?”

Ojú tì mí gan-an. Mo bi wọ́n pé, bí wọ́n bá ti ń rí mi látijọ́ tí mò ń ju orí ẹja, kí ló dé tí wọn ò sọ fún Màámi.

“Ta ni ì bá gba èmi àti ológbò gbọ́? Ìwọ lo ní kámẹ́rà.”

Mo padà sọ́dọ̀ Màámi, mo fi fọ́tò tí n kò gé hàn wọ́n. Wọ́n wo orí ẹja, wọ́n wo èmi. Mo ti ń ro ibi tí n óò kó ẹrù mi lọ.

“Ìwọ lo wá ń se àsè fún olè mi?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó dájọ́. Wọ́n ní níwọ̀n bí mo ti fẹ́ràn òkè wíwò, èmi ni n óò máa ṣọ́ àwọn mẹ́rin tó kù títí òjò yóò fi dé, tí àwòdì yóò fi lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Láràárọ̀, mo ń gbé àpótí sí àárín àgbàlá, kámẹ́rà lọ́rùn, igi lọ́wọ́. Ológbò á wá jókòó tì mí, àwa méjèèjì á gbójú sókè. Nígbà tí àwọn ẹ̀gà tún bẹ̀rẹ̀ ilé lórí igi àgbọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì pé, aró ti ṣá lára wọn. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ náà kò ní ẹyẹ kankan nínú. Àǹtí ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, ológbò wà ní itan wọn. Wọ́n ní kí n má gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.