Orí Ìròyìn Lẹ́nu Ọ̀nà Oníkọ̀ǹpútà

Mo rántí ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, tí ìwé ìròyìn kì í sùn sórí tábìlì mi. Agbowó ni mo pàtẹ sí, lójú ọ̀nà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí yunifásítì. Èmi tí mi ò ka ìwé mẹ́fà dópin, èmi ni mò ń ta ìwé fún àwọn tó kàwé yó. Olùkọ́ àgbà kan wà tí kì í kọjá láì bi mí pé, "Ìyá oníwèé, kí layé ń wí?" Bó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, á dà bíi pé èmi gan-an ni mo rán ayé níṣẹ́.

Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láràárọ̀ ló ń lẹ bébà kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orí ìròyìn òkè òkun ló kún inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ra ìwé kankan. Ó ní àwọn oníròyìn ibẹ̀ ti fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí wọ́n á máa gbà to ìròyìn wọn: orí lókè, àlàyé ṣókí lábẹ́, àti ojúlé tí odindi rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí kọ̀ǹpútà lè lọ kó o jọ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ti kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde, kò rìn jìnnà. Èyí tuntun yìí làwọn èèyàn wá gbà. Kò pẹ́ tó tún ní wọ́n ti tún un tò.

"A ò tíì tọ́ tàkọ́kọ́ wò tán, wọ́n ti se ọbẹ̀ mìíràn?"

"Màmá, ó ń dàgbà ni."

"Kó dàgbà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Lọ́jọ́ tí mo rí olùkọ́ àgbà níwájú bébà yẹn, tó kẹ̀yìn sí mi, àyà mi gbóná. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran níbẹ̀ dáadáa. Ẹran náà ló ń jóná.

Mo bá pinnu pé ẹnu mi á ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn tó ń ka ìwé mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ní kí wọ́n máa kà á sí mi létí, èmi á sì máa ké e fún gbogbo ọ̀nà láti orí dé ìdí: ẹni tí wọ́n yọ nípò, ohun tó jí, ibi tó kó o pamọ́ sí, ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí. Èrò pé lé mi lórí, ọlọ́kadà dúró, ẹnu ọ̀nà ọmọkùnrin náà dá páropáro. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Títí ìrọ̀lẹ́, ìwé mi ṣì ga bí òkè. Olùkọ́ àgbà pàápàá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá oníwèé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó."

Ọmọkùnrin náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, orí nìkan ni tèmi ń gbé wá. Ẹni tó bá fẹ́ ara, á wọlé wá sanwó kà á lórí kọ̀ǹpútà. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí?"

Odindi lèmi sọ, ọmọlúàbí gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó gbé òwe rẹ̀ wọlé. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, orí nìkan ni mo ké: "Wọ́n ti yọ ọ̀gá kan nípò o!"

Olùkọ́ àgbà dúró. "Ta ni?"

"Ó wà nínú ìwé, sà."

Ó rà á. Owú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí gbogbo ìwé tó tà, ọgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi tà á.

Lónìí, tábìlì ti lọ, wọ́n ti ń ta ẹyin nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Fóònù ló ń gbé orí ìròyìn wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń búra pé n ò ní tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń pòṣé: ọmọkùnrin yẹn ti tún fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.