Ohun tí Ìyá Mi Sọ fún Olùwádìí

Ọkùnrin tó wá wádìí ìdí tí ọmọ kan fi ń mọ̀wé ju ọmọ kejì lọ dé sí ilé ìwé wa ní Ìwó nígbà ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa ti là, tí ẹsẹ̀ wa funfun bíi ti ẹni tó gba inú eérú kọjá. Mọ́dà ni à ń pe irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ibi tí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára gírámà ti ń kàwé lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ló rán ọkùnrin náà. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, nínú ilé tí wọ́n ti ń fi gẹ̀ẹ́sì kí ara wọn káàárọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú eruku Ìwó. Ohun tí a kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó dán gbogbo wa wò. Ó fún wa ní ìṣirò, ó ní ká kàwé, ó kó àwọn àwòrán kan síwájú wa pé ká mú èyí tí kò bá ìyókù mu. Nígbà tó ṣe tán, ọ̀gá ilé ìwé pè wá jọ sábẹ́ igi mángòrò, ó sì là á yé wa. Àwọn tó rán ọkùnrin yìí yóò mú ọmọ kan láàárín wa lọ sí gírámà ní Ìbàdàn. Wọn yóò bọ́ ọ, wọn yóò fún un níbùsùn, òbí rẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Àwa méjì la ṣe dáadáa jù, èmi àti ọmọ kafíńtà kan tó ń jókòó níwájú mi, máàkì wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, olùwádìí yóò dé ilé àwa méjèèjì, yóò bá òbí wa sọ̀rọ̀. Ó gbà pé inú ilé ni ìwé ti ń wọ ọmọ lórí, kì í ṣe inú kíláàsì. Ilé tó bá ti hàn pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ kàwé ni yóò ti mú tirẹ̀.

Mo fẹ́ lọ. N kò ní fi bò. Ọmọbìnrin ni mí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní Olúpọ̀nnà tó ń wá ìyàwó. Mo mọ̀ pé bí Mọ́dà bá ti parí, ìwé parí fún mi nìyẹn. Mo máa ń jí láàárọ̀ bí ẹni tó ti dé Ìbàdàn, kí n tó rántí pé kò tíì sí ẹni tó mú mi, inú mi á sì bàjẹ́ láti orí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ó ti sin ọmọ kí wọ́n tó bí mi. Iye wọn, n kò mọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká má tíì wá sọ èyí tó ti kú. Wọ́n ní àbíkú ni, pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo dé, orúkọ ohun tí à ń gbá dà sí ààtàn ni wọ́n sọ mí, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́run má baà rí ohun tó wù wọ́n lára mi. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí níṣojú ìyá mi, a tutọ́ sílẹ̀, a ní, “Èwo ni tìyẹn? Olódo paraku ni.” Onítẹ̀bọmi ni wá o. Pásítọ̀ wàásù títí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àbíkú, ìyá mi sì ń ṣe àmín ketekete. Bó bá délé, a tún máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, yóò sá.

Gbogbo àdúgbò ló mọ èdè yìí. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tó lè gbọ́ “olódo ni” lẹ́nu ìyá mi kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ká ní ọmọ Ìwó ni olùwádìí wa, tàbí ọmọ Kúta pàápàá, ẹ̀rín ni ì bá rín.

Ilé kafíńtà ló kọ́kọ́ lọ. Kafíńtà ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ rí, ó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Ó ní ọmọ òun kì í yé kàwé, àfi bí òun bá gbé fìtílà pamọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣí ìwé nílé. Orí ló fún un.

Ọ̀sán gangan ni mo mú olùwádìí dé ilé wa. Bàbá mi wà lóko. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa èkùrọ́ lórí òkúta. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ẹni tó bí i lọ́mọ, nítorí ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti gbọ́ nípa gírámà lẹ́nu mi, ó sì wù ú. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, máàkì ti sọ̀rọ̀ tán, àlejò kàn wá kí wa ni.

“Mama,” ni ọkùnrin náà wí, “ọmọ yín yìí mọ̀wé gan-an. Ṣé ẹ rí i bẹ́ẹ̀?”

Ojú ìyá mi yí padà. “Ta ni? Eléyìí? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kò mọ nǹkan kan, ọ̀gá.”

“Ṣé ó máa ń kàwé nílé?”

“Ìwé wo? Oorun ló ń sùn.”

“Bí wọ́n bá ní kó lọ sí Ìbàdàn, ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ìyá mi wòkè, ó wolẹ̀. “Kí ni wọ́n fẹ́ fi irú eléyìí ṣe ní Ìbàdàn? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀.”

Olùwádìí kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ kì í já ìyá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò, mo sì rò pé ó yé e. Nígbà tí mo sìn ín dé ìta, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní kí n máa gbìyànjú. Àánú mi ló wà lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò yé e.

Ọmọ kafíńtà ni wọ́n mú. Mo sunkún délé, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá mi. Ó fi òkúta sílẹ̀, ó wé gèlè, ó fà mí lọ́wọ́ padà sí ilé ìwé. Níwájú ọ̀gá àti gbogbo tísà, ó la ẹnu.

“Ọmọ mi mọ̀wé. Kò sí ọmọ tó tó o níbí. Òun ló ń ka Bíbélì fún bàbá rẹ̀. Òun ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo agboolé. Orí rẹ̀ pé. Ó sì rẹwà.”

N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo máa kojú sí.

“Mama, ẹyin lohùn,” ni ọ̀gá wí. “Mo ṣàlàyé fún olùwádìí. Ó ní ohun tí òbí bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni òun gbọ́dọ̀ kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ òun di àròsọ. Ó ti lọ.”

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí àwọn onímọ̀ ń sọ pé òbí tó ń yin ọmọ lọmọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa, inú máa ń bí mi. Wọn kò purọ́. Wọn kò kàn tíì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá mi wólẹ̀. N kò lè jẹun, n kò lè jókòó. Bàbá mi ti oko dé, wọ́n fún mi ní àgbo, wọ́n fún mi ní oògùn òyìnbó. Ìyá mi kò kúrò lẹ́bàá ẹní mi. Ó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. “Irọ́ ni mo pa,” ló ń wí fún ẹni tó bá wọlé, àti nígbà tí kò sẹ́ni tó wọlé. “Kò mọ̀wé. Kò ka Bíbélì fún ẹnì kankan. Kò rẹwà, ẹ wò ó, kò rẹwà rárá.” Pásítọ̀ wá gbàdúrà, ó sọ ọ́ fún Pásítọ̀. Mo ń gbọ́ ọ. N kò sì lókun láti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.

Ara mi yá. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá mi pé oògùn ló ṣe é.

Mo ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wá sílé wa. Kafíńtà rí iṣẹ́ lókè Ọya, ó sì ń kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ. Àyè ti ṣí sílẹ̀. Olùwádìí ní kí wọ́n tún bi ilé kejì léèrè.

“Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, Mama,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ kàn sọ pé ó mọ̀wé, pé ẹ fẹ́ kó lọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ mi orí, màá sọ fún un pé mo gbọ́ ọ.”

Ìyá mi wò mí. Ọrùn mi ti tín-ín-rín, aṣọ ń yọ̀ lára mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tí kò yé e.

“Olódo ni, ọ̀gá,” ló wí. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. “Ẹ ṣeun. Olódo ni.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?”

Mo fẹ́ lọ bí n kò ṣe fẹ́ nǹkan kan rí. Mo wo ìyá mi, ó ti fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Òótọ́ ni wọ́n sọ, sà. Mi ò mọ̀wé.”