Agogo Ibùsùn Baba

Kọ̀ǹpútà náà kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ó sì máa ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ara ògiri ni wọ́n kàn án mọ́ ní yàrá Baba, nínú ilé kan ní Rumuigbo tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló ń tan iná ìta bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun ló ń pa ẹ̀rọ omi bí táńkì bá kún. Ọmọ Baba tó wà lókè òkun ló ṣe é síbẹ̀ nígbà tó wá kí bàbá rẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ kàn án àfi bí mo bá fẹ́ nu eruku ara rẹ̀.

Ọ̀gá aṣọ́bodè ni Baba kó tó fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, ó sì ti wọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Baba kò gbà pé ẹsẹ̀ òun kò lè gbé òun mọ́. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Dókítà ní bó bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀, kò ní dìde mọ́. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹnu tèmi wọ́, ìwọ kì í la tìrẹ," ló máa ń wí. "Ta ni yóò wá máa bá ta ni sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?" Màá rẹ́rìn-ín, màá sì wolẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọgbọ́n tí mo sì gbé kúrò níbẹ̀ ni pé bí èèyàn kò bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ohun tí kò mọ̀.

Ọmọ Baba wá fi nǹkan pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ tí a ó tẹ́ sábẹ́ fóòmù. Bí Baba bá ti gbéra lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò lu agogo kan ní ilé ìdáná kí n lè sáré wá. Wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo fi wọ́n bọ ojú ihò wọn bí mo ṣe rí i nínú àwòrán, inú mi sì dùn sí ara mi. Ó wá ku kí á ṣí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì yóò máa gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. I2C ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Baba ní títì ni ọ̀nà náà máa ń wà, àfi kí ẹni tó fẹ́ lò ó ṣí i. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ti kú, kò lè ṣe é láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló bá pè mí lórí fóònù. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n Baba, mo sì gbé kíbọọ̀dù lé itan.

"Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n kọ I2C sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà." Òótọ́ nìyẹn.

"Tẹ Enter. Ó máa bi ẹ́ bóyá kó ṣí i. Gbà fún un, kó o tún tẹ Enter."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ìbéèrè gígùn kan jáde lédè Òyìnbó. "Yes" àti "No" wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ pupa sì wà lára "No". Mo rò pé èyí tó pọ́n yẹn ni kọ̀ǹpútà ti yàn fúnra rẹ̀. Ta ni èmi tí n ó wá yan òmíràn fún un? Mo tẹ Enter. Gbólóhùn kan jáde tó parí sí "disabled". N kò mọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ó ti sọ pé òun ti ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"O káre. Pa á, kó o tún un tàn, kó o wá gbé Baba dìde díẹ̀, ká gbọ́ bóyá agogo á dún." Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Mo gbé Baba dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Agogo dákẹ́.

"Dis one sef no dey talk," Baba ní. "Ẹ ti di méjì."

Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó dọ̀la kí ẹ̀rọ náà tó mọ ara Baba dáadáa. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún pè, tó béèrè bóyá ó dún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ṣìnà ju kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo ń béèrè lọ. Mo pinnu pé ojú mi ni yóò máa ṣe iṣẹ́ agogo.

Ó ṣe é fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, èéfín dúdú tó máa ń já bọ́ ládùúgbò wa ti bà lé àwọn aṣọ ìbora tí mo sá sẹ́yìnkùlé, mo sì lọ tún wọn ṣàn. Méjì péré ni mo ṣàn. Nígbà tí mo wọlé, Baba wà nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ilẹ̀kùn.

"Mi ò fẹ́ pè ẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́," ó ní.

Ọjọ́ kẹrin tó dé ọsibítù ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì wo ojú rẹ̀ títí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọn ò ṣí i rárá," ó ní. "O sọ fún mi pé ó dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó wò mí. Ó yọ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ká wọn sínú ọ̀rá.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Ṣọ́ọ̀bù ìlọṣọ kan ní Rumuokwurushi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ọjọ́ náà. Mo bi ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti rò pé irú nǹkan báyẹn ní láti yí èèyàn padà. Lánàá, oníbàárà kan gbé léèsì wá, ó ń yára ṣàlàyé bó ṣe fẹ́ kí n lọ̀ ọ́, ó sì bi mí bóyá ó yé mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo ní ó yé mi.