Ilé Tí A Kọ́kọ́ Gbé Kí A Tó Kọ́ Ọ

Alájà Sìkírátù kò kọ pláànù ilé tí mo yà fún un, kò sì gbà á. Ó kàn ń wò ó ni. Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì nínú pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Òfin, mo ń nawọ́ sí yàrá, mo ń nawọ́ sí ilé ìdáná, mo ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀ńjíníà. O ṣeun." Ó wá yíjú sí agbọ̀n obì tó ń tà, ó ń bó obì lọ.

Èmi kì í ṣe ẹ̀ńjíníà o. Pláànù ni mo ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé ní Ṣàgámù àti agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti mú rúlà gígùn lọ́wọ́, Ẹ̀ńjíníà ni. Mo jiyàn títí, ó rẹ̀ mí, mo ti ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn ọmọ Alájà lára. Ògiri ilé Òfin ti là láti òkè dé ilẹ̀, òjò sì ń wọ yàrá tí ìyá wọn ń sùn. Bàṣírù, àkọ́bí rẹ̀, ti ra ilẹ̀ lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, àwọn bíríkìlà sì ti ń retí wa. Ṣùgbọ́n gbogbo pláànù tí mo bá gbé wá, "Ó dáa" náà ni. Bí Kúdí, àbúrò Bàṣírù, bá wá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa kó lọ, á ní òun ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ilé má lọ wó lu màmá. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, torí mo ti fẹ́ràn màmá yẹn kọjá ti oníbàárà.

Mo wá rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìpẹru. Bàbá yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ àfi tó bá ti fi ẹfun fa gbogbo yàrá sórí ilẹ̀, bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe máa tóbi tó gan-an, kí onílé sì rìn nínú wọn. "Jẹ́ kí wọ́n gbé e wò," ló máa ń wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ sórí ilẹ̀ tí Bàṣírù rà, mo kan èèkàn, mo ta okùn, mo da ẹfun. Bàṣírù kó gbogbo ẹbí wá, tọmọ tọmọ-ọmọ. Mo ní, "Ẹ wọlé, kí ẹ máa gbé." Àṣé ohun tí wọ́n ti ń wá nìyẹn! Kúdí wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò tí kò sí kaná, ó ń se ìkọ́kọrẹ́. Bàṣírù na ẹsẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń pariwo pé ebi ń pa òun. Ọmọ kan wọ balùwẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wo òun. Ọlọ́kadà kan dúró lójú títì, ó ń bi wá bóyá oúnjẹ máa kan òun.

Inú mi dùn débi pé mo sáré gba ilé ìdáná kọjá sí pálọ̀. Alájà ké mọ́ mi: "Ẹ̀ńjíníà! Ara ògiri lo gbà yẹn! Ṣé iwin ni ọ́ ni?"

Mo sáré padà, mo gba ẹnu ọ̀nà, mo bẹ ògiri. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Yàrá Alájà ló dára jù nínú pláànù náà. Ìparí ilé lọ́hùn-ún ló wà, ó gbòòrò, ó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, ariwo kankan kò sì ní dé ibẹ̀. Bàṣírù gbé àga sí i fún un. Alájà jókòó, ó gbé agbọ̀n obì sẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Lọ́dọ̀ tiwa, ariwo ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún. Ní Òfin, ojú ọ̀nà ló ń jókòó sí. Bóo jáde, bóo wọlé, o gbọ́dọ̀ kí i. Mo rí i tó gbójú sókè, tó wò wá, tó tún wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti dìde. Ó gbé agbọ̀n, ó wọ́ àga, ó la ògiri kan kọjá, ó la èkejì, ó gbé àga kalẹ̀ láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀.

"Màámi, ara ògiri lẹ gbà!" ni gbogbo wa ké.

"Ẹ wó o," ó ní. "Ibí ni mò ń jókòó."

Bàṣírù ní, "Màámi, kọ́rídọ̀ nìyẹn. Gbogbo ayé ló máa gba ibẹ̀ kọjá."

"Ohun tí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Yàrá tí ẹ fún mi yẹn dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà níbẹ̀, ta ló máa rí mi kí?"

Kúdí rọra gbé ìkòkò tí kò sí yẹn kalẹ̀.

Mo fi bàtà nu ẹfun rẹ́. Mo fẹ kọ́rídọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, mo gé lára pálọ̀, Bàṣírù ń ké pé mo ti jẹ pálọ̀ òun tán. Mo fa yàrá ìsùn tuntun fún Alájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí sójú ọ̀nà. Alájà jókòó sórí àga bí ọba, ó ń pàṣẹ: "Sún un. Sún un sí i." Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dáa."

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ "Ó dáa" yẹn.

Ó wá yíjú sí Kúdí: "Ìgbà wo la ń kó lọ?"

Mo fò sókè, mo tún gba ara ògiri kọjá, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Wọ́n ti kó wọlé báyìí. Nígbà tí mo lọ kí wọn, Alájà wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi yàrá ìparí ilé lọ́hùn-ún ṣe. Ó ní kí n lọ ṣí i. Agbọ̀n obì ló kún inú rẹ̀ dé ojú fèrèsé, wọ́n fi ewé bò wọ́n, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Obì ló ń fẹ́ ibi tó parọ́rọ́," Alájà wí nígbà tí mo padà dé. "Jókòó, kí o bá mi bó èyí."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í lójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń kí wa.