Fáànù Orí Mọ́tò Ọ̀gá Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Búráímọ̀ ní Olówógbowó, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo lẹ́nu. Mo ní mo lẹ́nu, sà. Wọ́n ní kí n máa fi jẹun nìkan. Wọ́n ní bí àwọn bá ń ṣàṣìṣe lójú oníbàárà, n kò gbọdọ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ti ṣì í." Kí n sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ tún un kọ́ mi." Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìyẹn, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti yà, wọ́n á sì tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ ló ya olódo. Èmi ni mo ń ya olódo lójú oníbàárà títí mo fi gba fúrídọ̀mù.

Iṣẹ́ ríwáyà ni iṣẹ́ wa. Mẹkáníìkì ló ń tú ẹ́ńjìnnì. Àwa la ni iná ara mọ́tò, láti orí bátìrì àti họ́ọ̀nù títí dé gílóòbù kékeré inú búùtù. Ìyàwó Àlàájì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló ń bọ́ wa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sọ pé Ìyá kò fún òun lóúnjẹ rí, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí èmi náà ti dá dúró, tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi nítòsí wọn, àìsàn mú Ìyá ní ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tó ń fúnni ní ọ́síjìn, èyí tí rọ́bà rẹ̀ ń wọ ihò imú. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò, Ìyá kò sì lè pẹ́ láìsí i. Ìṣòro wá di ọ̀nà ọsibítù ní Ìkòyí, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àlàájì gbé bátìrì kejì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa chájì í. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti dàgbà, epo sì ti di góòlù.

Wọ́n bá ronú kan afẹ́fẹ́. Wọ́n yọ fáànù radiétọ̀ lára ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n so ó mọ́ orí mọ́tò, wọ́n fa wáyà rẹ̀ wọ bátìrì kejì. Bí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ yóò máa yí fáànù, fáànù yóò sì máa fún bátìrì níná.

"Rasáàkì," Àlàájì ní, "afẹ́fẹ́, ọ̀fẹ́! Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rọra sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ tí mọ́tò ń sá lù kì í ṣe ọ̀fẹ́: fáànù yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ni yóò sì fi epo san án. Wọ́n ní ìwọ̀nba epo yẹn kò lè pa àwọn lára. A dán an wò lórí afárá ní àárọ̀ Sunday kan tí ọ̀nà dá, iná kékeré tó ń fi hàn pé bátìrì ń gbaná sì tàn. N kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Àlàájì láti ìgbà tí àìsàn Ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò sọ wọ́n ní Àlàájì Ẹ̀fúùfù, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, à ń lọ sí ọsibítù, èmi ni mo jókòó ti Ìyá lẹ́yìn, Àlàájì ń wakọ̀. Nígbà tí a dé CMS, ọ̀nà dí pa. Tírélà kan ti ṣubú níwájú. A dúró, Àlàájì sì pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n fáànù ṣì ń yí. Àwọn tó ń ta omi yí wa ká, wọ́n ń wòran.

"Àlàájì, ẹ̀rọ yín mà ń wọ́ọ̀kì o!" ọ̀kan nínú wọn pariwo. "Baba, you too much!"

Àlàájì ń juwọ́ sí wọn.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bó ṣe máa ń ké bí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán. Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo wo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ewé rẹ̀ kan kò mì. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Ta ló wá ń yí fáànù?

Bátìrì ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọ́tánétọ̀ tó ń chájì bátìrì nínú gbogbo mọ́tò ní dáyódù nínú, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná jáde, tí kì í jẹ́ kó padà. Inú rẹ̀ ló ti máa ń wà, nítorí náà ríwáyà kì í ronú kàn án. Fáànù radiétọ̀ kò ní in. Bí atẹ́gùn bá ti tán, bátìrì náà ni yóò máa bọ́ fáànù. Iná tí Ìyá fi ń mí ni fáànù ń jẹ, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mi ò lè pariwo mọ́ ọ̀gá mi níbẹ̀. "Ọ̀gá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ́ mi. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ta ló ń yí i?"

Àlàájì yọjú wo òkè. Wọ́n wo igi. Ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sórí mọ́tò, wọ́n fi ọwọ́ lásán já wáyà náà. Èmi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń fi wáyà jọ́mpà so bátìrì méjèèjì pọ̀. Àlàájì padà sídìí sítíárì, wọ́n sáná sí ọkọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa chájì bátìrì méjèèjì. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ igbe. Nígbà tó yá, Ìyá mí kanlẹ̀.

"Àlàájà, forí jì mí," Àlàájì ní. Wọn kò lè wẹ̀yìn. "Mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀," Ìyá ní. "Láti ọjọ́ tá a ti ń lò ó. Bá a bá ti dúró tó sì ń yí, èémí mi á máa kéré."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Àlàájì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lẹ́nu yín."

Àlàájì gbé orí lé sítíárì, wọ́n sunkún, ẹsẹ̀ wọn kò sì kúrò lórí iná títí ọ̀nà fi là.